Òórùn èéfín kì í jí ẹni tó sùn

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbà pé bí iná bá ṣẹ́ yọ nínú ilé lóru, òórùn èéfín á jí àwọn. Ìgbàgbọ́ yìí ló ń fún àwọn èèyàn wa ní Ìlú Ọba láyà láti yọ bátìrì àláàmù èéfín, tàbí kí wọ́n fi ọ̀rá bò ó, nígbà tí wọ́n bá ń dín ata. "Ṣé imú mi ò ní gbọ́ ọ ni?" Imú yín ò ní gbọ́ ọ. Ẹ jọ̀ọ́, kí gbogbo ilé tí ọmọdé ń sùn sí mọ èyí dájú.

Ní 2004, Mary Carskadon àti Rachel Herz ti Yunifásítì Brown ní Amẹ́ríkà gbé òórùn méjì síwájú imú àwọn tó sùn: ọ̀kan dùn, ìkejì ń rùn burúkú. Nígbà tí ojú wọn ṣì là, wọ́n ń gbọ́ méjèèjì. Nígbà tí wọ́n sùn wọra, kò sí èyí tó jí ẹnikẹ́ni. Ariwo ló ń jí wọn.

Ó tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Afẹ́fẹ́ olóró tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide wà nínú èéfín iná, kò ní àwọ̀, kò sì ní òórùn. Ó ń gba àyè ọ́síjìn nínú ẹ̀jẹ̀, kò sì ní jẹ́ kí ẹni tó ń fà á símú lè ta pútú. Èéfín tí a ní kó jí wa ló ń fi oorun kún oorun.

Mo gbà pé àláàmù èéfín nínú ilé ìdáná ń dani láàmú lóòótọ́. Kò mọ ìyàtọ̀ láàárín epo tó gbóná jù àti ilé tó ń jó. Àláàmù ooru ló yẹ ibẹ̀. Òun kì í wo èéfín rárá. Ó di ìgbà tí ooru bá dé nǹkan bí ìwọ̀n 58 lórí Celsius kó tó ké. Ẹ dín ata yín bó ṣe wù yín. Àmọ́ ẹ má fi rọ́pò ti èéfín ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, torí èéfín á ti dé ọ̀dọ̀ ẹni tó sùn kí ooru tó dé.

Láti oṣù Kejì 2022, òfin Scotland ní kí ilé kọ̀ọ̀kan ní àláàmù èéfín ní pálọ̀ àti ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè àti ìsàlẹ̀, kí ti ooru wà ní ilé ìdáná, kí gbogbo wọn sì so pọ̀. Síso pọ̀ yìí ni mo kà sí jù. Bí iná bá bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀, tí ẹ tilẹ̀kùn sùn lókè, ẹ lè má gbọ́ èyí tó ń ké lọ́hùn-ún. Èyí tó wà nítòsí yín á bá a ké.

Àwọn kan rò pé èyí tí kò ní wáyà ò lè ṣiṣẹ́ bí kò bá sí íntánẹ́ẹ̀tì. Rárá o. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, rédíò kékeré ni wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, bátìrì inú wọn sì lè tó ọdún 10.

Ẹ máa tẹ bọ́tìnnì ọ̀kan lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹlòmíràn tilẹ̀kùn mọ́ra ní yàrá tó jìnnà jù. Bí onítọ̀hún ò bá gbọ́ ọ ketekete, ẹ gbé ọ̀kan sí yàrá yẹn náà.