Ìlà Tí Ẹ Lọ Hú Nínú Ike Ìdọ̀tí

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, obìnrin kan gbé pẹ́pà àyẹ̀wò oyún wá bá mi ní láàbù, ó fi ọ̀rá wé e bí ẹni gbé góòlù. Àárọ̀ ọjọ́ tó ṣáájú ló tọ̀ sí i, kò rí nǹkan, ó sọ ọ́ nù. Nígbà tó di alẹ́, ọkàn rẹ̀ kò gbà á, ó lọ tú ike ìdọ̀tí, ó sì bá ìlà kejì níbẹ̀, fẹ́ẹ́rẹ́ bí òjìji. Ó ti sọ fún ọkọ, ọkọ ti sọ fún ìyá rẹ̀. Èmi ni mo wá di ọ̀dájú tó ní kì í ṣe oyún. Ìtọ̀ tó gbẹ sójú pẹ́pà ló fa ìlà yẹn. Iye ìṣẹ́jú tí wọ́n kọ sára páálí ni kí ẹ fi kà á. Ohun tó bá yọ lẹ́yìn náà, ike ìdọ̀tí ló ni ín.

Ìkánjú ló ń pa púpọ̀ nínú yín. Ẹ sùn papọ̀ lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ẹ tọ̀ sí pẹ́pà lọ́jọ́ Ajé! Kí ni ẹ fẹ́ kó rí? hCG ló ń wá, èròjà tí oyún máa ń mú jáde, hCG kò sì ní wọ inú ẹ̀jẹ̀ yín títí ọlẹ̀ yóò fi lẹ̀ mọ́ ilé ọmọ, ìyẹn nǹkan bí ọjọ́ 6 sí 12 lẹ́yìn tí ẹyin bá jáde. Ẹ̀jẹ̀ ló ń kọ́kọ́ rí i, ìtọ̀ ń tẹ̀ lé e. Ọ̀pọ̀ pẹ́pà kì í ríran títí yóò fi tó nǹkan bí 25 mIU/mL, ìwọ̀n tí a fi ń ka hCG. Tó bá jẹ́ 5 lónìí, tó ń di ìlọ́po méjì ní ọjọ́ méjì-méjì, ẹ ṣírò rẹ̀: 10, 20, 40. Ọjọ́ 6 ti lọ nìyẹn. Ẹ dúró kí nǹkan oṣù kọjá ọjọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin tí dókítà gún ní abẹ́rẹ́ hCG kí ẹyin lè jáde, ẹ tún sùúrù ṣe, torí abẹ́rẹ́ yẹn gan-an ni pẹ́pà lè rí, ó sì lè wà lára tó ọ̀sẹ̀ méjì.

Lórí ìlọ́po yìí, mi ò ní dákẹ́. Ẹni tí hCG tiẹ̀ jẹ́ 60 àti ẹni tí tiẹ̀ jẹ́ 400 lè jọ wà ní ọjọ́ oyún kan náà, kí àwọn méjèèjì sì bí ọmọ. Nọ́ńbà kan ṣoṣo kò tó ka sí. Ẹ jẹ́ kí a gba ẹ̀jẹ̀ yín lónìí, kí a tún gbà á lẹ́yìn wákàtí 48, kí a wo bó ṣe ń gòkè.

Àwọn kan wà tí ọṣẹ ìfọyín ni láàbù tiwọn. Wọ́n ní tí ìtọ̀ bá hó, oyún wà. Mo fi ìtọ̀ ara mi dán an wò. Ọkùnrin ni mí. Ó hó dáadáa.

Èyí kò pa mí lẹ́rìn-ín mọ́ láti ọjọ́ tí mo ti mọ obìnrin kan tí ọṣẹ ìfọyín sọ fún pé kò lóyún. Ẹ̀jẹ̀ ń kán lára rẹ̀, inú ń dùn ún lápá kan. Alágbo kan ní ìdọ̀tí ilé ọmọ ni, ó fún un ní ohun mímu tí yóò fọ̀ ọ́. Nígbà tí dókítà wá fi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lọ́jọ́ Ajé, hCG rẹ̀ jẹ́ 1,740. Lọ́jọ́rú, 1,910. Ká tilẹ̀ ní kò di ìlọ́po méjì, ó yẹ kó ti kọjá 2,400. Mi ò dúró tẹ èsì náà, fóònù ni mo gbé. Inú ọ̀nà tí ẹyin ń gbà ni oyún náà fẹ̀yìn tì sí, ó sì ti ń ya. Alẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n yọ ọ̀nà ẹyin kan. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń kán, tí inú ń dunni lápá kan, tí ṣóńṣó èjìká ń ro yín tàbí òòyì ń kọ́ yín, ẹ má wá sọ́dọ̀ mi o, ilé ìwòsàn ni kí ẹ sáré lọ.

Obìnrin náà padà wá lẹ́yìn ọdún kan àti oṣù díẹ̀, ó gbé ìtọ̀ dání, ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí nǹkan oṣù rẹ̀ dé. Mo dá a padà sílé. Ó bínú sí mi gan-an. Mo gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ kejì, mo tún gbà á ní Àbámẹ́tà: 112, lẹ́yìn náà 251.