Pọ́límà apakòkòrò: ṣé oògùn ń yọ́ jáde ni, àbí ó dúró sójú kan?

Pátákó ìgé-ẹran, ìbọ̀sẹ̀, ìbòrí fóònù, ọ̀dà ògiri: ọ̀pọ̀ nǹkan ló ti dé ọjà tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé ó ń pa kòkòrò àrùn. Bí irú rẹ̀ bá bọ́ sí yín lọ́wọ́, ìbéèrè kan ni kí ẹ kọ́kọ́ bi ẹni tó ń tà á: ohun tó ń pa kòkòrò yẹn, ṣé ó ń yọ́ jáde ni, àbí ó so mọ́ ojú nǹkan náà pinpin? Ó ṣeé ṣe kí ẹni tó ń tà á má mọ̀ ọ́n. Àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì tó ń ṣe é mọ̀, torí ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wọn ti pín sí méjì.

Èyí tó ń yọ́ jáde ló wọ́pọ̀ jù. Wọ́n á po fàdákà, bàbà tàbí oògùn apakòkòrò mọ́ ike tàbí ọ̀dà. Tí omi tàbí òógùn bá kàn án, oògùn náà á máa jáde díẹ̀díẹ̀, á sì máa pa bakitéríà tó bá wà nítòsí. Ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tó ń jáde á tán lọ́jọ́ kan, gọ́tà àti odò ló sì ń gbà lọ. Bó bá ti ń tán lọ, ìwọ̀n tó kù kò ní lágbára láti pa bakitéríà mọ́, síbẹ̀ ó tó èyí tí á fi mọ́ àwọn tó lágídí jù nínú wọn lára. Ní 2016, FDA, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ní kí wọ́n yọ èròjà apakòkòrò tó ń jẹ́ triclosan àti èròjà 18 mìíràn kúrò nínú ọṣẹ apakòkòrò tí ará ilé ń lò, nítorí àwọn tó ń ṣe é kò lè fi hàn pé ó sàn ju ọṣẹ lásán àti omi lọ.

Ọ̀nà kejì ló dùn mọ́ mi nínú jù. Pọ́límà jẹ́ ẹ̀wọ̀n gígùn tí èròjà tíntìntín so pọ̀ tẹ̀ léra wọn, bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín sínú okùn. Ọ̀rá tí a fi ń di ọjà, rọ́bà àti náílọ́ọ̀nù, pọ́límà ni gbogbo wọn. Ní 2001, Alexander Klibanov, onímọ̀ kẹ́mísírì ní MIT, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, pẹ̀lú Joerg Tiller àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, mú pọ́límà kan tó ń jẹ́ polyvinylpyridine, wọ́n sì fi ìdè kẹ́míkà so ó mọ́ gíláàsì débi pé kò ṣeé fọ̀ kúrò. Wọ́n wá so ìrù kéékèèké tí ó ní ìwà epo mọ́ ọn, ìyẹn ìrù tó ní atọ́mù kábọ́ọ̀nù mẹ́fà, èyí tó tún sọ pọ́límà náà di ohun tó ru iná mànàmáná irú ti pọ́sítífù, èyí tó máa ń fa irú ti nẹ́gẹ́tífù mọ́ra. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fọ́n omi tí bakitéríà wà nínú rẹ̀ sí gíláàsì náà, kí ó lè dà bí ẹni pé èèyàn wúkọ́ tàbí sín lé e lórí. Nínú Staphylococcus aureus, bakitéríà tó máa ń fa eéwo àti ọgbẹ́ tó ń kẹ̀, nǹkan bí ìdá 94 nínú ọgọ́rùn-ún ló kú. Kò sí oògùn kankan tó kúrò lójú gíláàsì yẹn.

Báwo ló ṣe pa wọ́n? Iná nẹ́gẹ́tífù ló wà lára awọ bakitéríà. Kalísíọ́mù àti magnẹ́síọ́mù ló ń bá a di awọ náà mú kó má tú. Pọ́límà tó ru iná pọ́sítífù á fa bakitéríà mọ́ra, á sì gba ipò lọ́wọ́ kalísíọ́mù àti magnẹ́síọ́mù yẹn. Àwọn ìrù elépo á wọnú awọ náà, tí òun náà ní ìwà epo. Awọ á lu, ohun inú rẹ̀ á sì ṣàn jáde. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí èyí tó ń ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù nínú gígba ipò yẹn àti wíwọ awọ.

Àkèré ti mọ ọgbọ́n yìí tipẹ́. Ní 1987, Michael Zasloff, tó ń ṣiṣẹ́ ní NIH, ilé ìwádìí ìlera ti ìjọba Amẹ́ríkà, ṣàkíyèsí pé àwọn àkèré ilẹ̀ Áfíríkà tó ṣe iṣẹ́ abẹ fún, tó sì dá padà sínú omi ìdọ̀tí, ojú ọgbẹ́ wọn kì í kẹ̀. Láti ara awọ wọn ló ti rí magainin, èròjà purotéènì kékeré tí òun náà ru iná pọ́sítífù tó sì ní apá elépo. Ó wọ́n láti ṣe, ìdí nìyẹn tí àwọn oníkẹ́mísírì fi ń ṣe pọ́límà tó ń fara wé e lówó pọ́ọ́kú. Kì í fi bẹ́ẹ̀ pa ara tiwa lára nítorí ìta awọ sẹ́ẹ̀lì èèyàn kò fi bẹ́ẹ̀ ru iná, kọlẹ́síróòlù sì tún mú un le. Ṣùgbọ́n tí ìwà epo pọ́límà bá pọ̀ jù, á fọ́ sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa náà, nítorí náà wọ́n máa ń kọ́kọ́ dán an wò lára ẹ̀jẹ̀.

Àwọn Staphylococcus kan ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń pọn irú oògùn pọ́sítífù bẹ́ẹ̀ jáde kúrò nínú ara wọn. Ó ṣòro fún wọn láti pọn ohun tí ìdí rẹ̀ so mọ́ gíláàsì.

Ibi tí wàhálà wà ni pé òkú bakitéríà kì í rìn lọ. Òkú, eruku, ọ̀rá ọwọ́, gbogbo rẹ̀ á bo ojú nǹkan náà mọ́lẹ̀, kò sì sí èyí tí pọ́límà tó wà lábẹ́ lè kàn mọ́. Fífọ̀ nìkan ló lè gbà á, ọṣẹ lásán sì ru iná nẹ́gẹ́tífù, nítorí náà tí ẹ kò bá ṣan án dáadáa, ọṣẹ tó kù lójú rẹ̀ á sọ ọ́ di aláìlágbára. Inú ara èèyàn tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lára rọ́bà tí wọ́n fi ń fa ìtọ̀ aláìsàn, bakitéríà á kóra jọ, wọ́n á tú ohun yíyọ̀ jáde bo ara wọn, oògùn tí aláìsàn ń gbé mì kò sì ní fi bẹ́ẹ̀ ráyè dé ọ̀dọ̀ wọn. Àkóràn tí oògùn kò ràn mọ́ pa nǹkan bí mílíọ̀nù 1.27 èèyàn ní àgbáyé ní 2019, ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà tiwa yìí sì wà lára ibi tó ti burú jù. Fún irú rọ́bà bẹ́ẹ̀, àwọn oníkẹ́mísírì kan ti fi pípa sílẹ̀, pọ́límà tó ń fa omi mọ́ra ni wọ́n ń lò, kí bakitéríà má tilẹ̀ rí ibi lẹ̀ mọ́.

Ní ti "99.9%" tí wọ́n máa ń kọ sára ọjà, ẹ wo bí wọ́n ṣe dé orí rẹ̀. Nínú ìdánwò ISO 22196, ìlànà àgbáyé tí wọ́n fi ń dán irú ọjà yìí wò, wọ́n á da omi bakitéríà sójú nǹkan náà, wọ́n á fi ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ bò ó, wọ́n á gbé e síbi tó gbóná, tí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ sì kún fún ọ̀rinrin, fún wákàtí 24. Ọwọ́ ilẹ̀kùn ní ilé ìwòsàn gbẹ, èèyàn mìíràn á sì ti dì í mú kí ìṣẹ́jú kan tó pé. EPA, àjọ tó ń dáàbò bo àyíká ní Amẹ́ríkà, le jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tó fọwọ́ sí bàbà ní 2008: wákàtí méjì ló fún un, ó sì pàṣẹ pé kí wọ́n kọ ọ́ sí i pé kò dípò fífọ̀ àti nínu tí ilé ìwòsàn ti ń ṣe tẹ́lẹ̀.