Ta Ló Ń Pinnu Kí Ni? Bí A Ṣe Ń Ṣètò Iṣẹ́ Ẹgbẹ́ Enterprise Architecture

Nígbà tí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan nínú ilé-iṣẹ́ ńlá bá ń ra sọ́fítíwíà tirẹ̀ bó ṣe wù ú, kì í pẹ́ tí orúkọ oníbàárà kan ṣoṣo yóò fi wà níbi mẹ́ta, pẹ̀lú àdírẹ́sì mẹ́ta tí kò bára mu. Ẹ̀ka ìṣirò owó á ní tàwọn ló tọ̀nà, ẹ̀ka tó ń ta ọjà á ní àwọn ló rí oníbàárà kẹ́yìn. Ìgbà yẹn làwọn ọ̀gá máa ń pinnu láti gba enterprise architect. Wọ́n á gbà wọ́n, owó á jáde, àwòrán á kún inú fáìlì. Lẹ́yìn ọdún kan, àdírẹ́sì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á ṣì wà níbi tí wọ́n wà.

Ó máa ń dùn mí tí mo bá rí irú èyí, torí pé àwọn tí wọ́n gbà kì í ṣe òpè. Wọ́n mọṣẹ́. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó ni pé kò sẹ́ni tó jókòó ṣètò bí iṣẹ́ wọn yóò ṣe máa lọ: ìpinnu wo ló wà lọ́wọ́ wọn, ìgbà wo ló yẹ kí wọ́n dá sí ọ̀rọ̀, ọjọ́ mélòó ni èsì wọn gbọ́dọ̀ fi dé, ta ló ń san owó wọn, ta ni wọ́n ń jábọ̀ fún. Ètò yìí ni àwa tí a wà nídìí iṣẹ́ náà ń pè ní operating model, òun sì ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí.

Fún ẹni tí iṣẹ́ yìí ṣàjèjì sí: enterprise architecture, tí mo máa pè ní EA láti ìsinsìnyí lọ, ni kí àwọn kan máa wo gbogbo sọ́fítíwíà, dátà, ẹ̀rọ àti ọ̀nà ìṣiṣẹ́ ilé-iṣẹ́ pọ̀ bí odidi kan, kí wọ́n sì máa tọ́ bí ó ṣe ń yí padà sọ́nà, kí ohun tí ẹ̀ka kan rà lónìí má baà di ẹrù sí gbogbo ilé-iṣẹ́ lọ́rùn lọ́dún márùn-ún sí i. John Zachman, tó ń ṣiṣẹ́ ní IBM nígbà náà, kọ àpilẹ̀kọ tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí gbilẹ̀ ní 1987. Ní 1995, ẹ̀dà àkọ́kọ́ TOGAF jáde, ìlànà iṣẹ́ EA tó wà lọ́wọ́ The Open Group, àjọ tó ń gbé ìlànà ìmọ̀ ẹ̀rọ kalẹ̀; wọ́n gbé e ka iṣẹ́ tí Ilé-iṣẹ́ Ààbò Amẹ́ríkà ti ṣe ṣáájú. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni òfin Clinger-Cohen ní Amẹ́ríkà fi lé àwọn ọ̀gá ìmọ̀ ẹ̀rọ ní àjọ ìjọba àpapọ̀ lọ́wọ́ pé kí wọ́n máa ṣe ètò architecture fún àjọ wọn. Láti ìgbà náà, ìlànà kò wọ́n mọ́. TOGAF fúnra rẹ̀ ti dé ẹ̀dà kẹwàá ní 2022. Ó wúlò, èmi náà ń lò ó. Ṣùgbọ́n kò sí ìlànà tó mọ ẹni tó ń pàṣẹ nílé-iṣẹ́ yín, tàbí ibi tí iṣẹ́ ti ń há. Ẹgbẹ́ tó bá lo oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ lórí bí wọn yóò ṣe tẹ̀ lé ìwé ìlànà, tí wọn kò sì tíì mọ ìpinnu tó jẹ́ tiwọn, ń fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá ni.

Orí ìpinnu ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ kó gbogbo ìpinnu ńlá tó jẹ mọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ tí ilé-iṣẹ́ ṣe láàárín ọdún tó kọjá jọ: sọ́fítíwíà tí wọ́n rà, èyí tí wọ́n kọ fúnra wọn, àdéhùn tí wọ́n tọwọ́ bọ̀, dátà tí wọ́n kó láti ibì kan lọ síbòmíràn. Lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ béèrè pé ta ló pinnu rẹ̀ gan-an, ta ló yẹ kó mọ̀ tí kò mọ̀, ọjọ́ mélòó ló fi dúró de èsì, kí ló sì tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Ẹ má ṣe béèrè lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá nìkan. Àwọn tó ń kọ kóòdù, àti àwọn tí fóònù máa ń jí lóru nígbà tí sáfà, kọ̀ǹpútà ńlá tí sọ́fítíwíà ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, bá dákú, ló mọ ìpinnu tó ń fìyà jẹ wọ́n. Nígbà tí ẹ bá parí rẹ̀, ẹ ó rí i pé ìpinnu tó nílò ojú gbogbo ilé-iṣẹ́ kò pọ̀. Èyí tó pọ̀ jù lọ ló yẹ kí ẹgbẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ náà dá ṣe, láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí mo fi ń yà wọ́n sọ́tọ̀ ni pé: bó bá di pé a ṣì í ṣe, ṣé a lè tún un ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀? Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹgbẹ́ ló ni ín. Irú láíbìrárì (kóòdù tí ẹlòmíràn ti kọ sílẹ̀) tí wọ́n fẹ́ lò, bí wọ́n ṣe to kóòdù wọn, ìyẹn kò kan architect, àfi tí wọ́n bá pè é. Bí ọ̀rọ̀ bá kan ẹ̀ka méjì, bíi dátà tí ẹnì kan ń kọ tí ẹlòmíràn ń kà, architect gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n òun àti àwọn ẹ̀ka náà ni kí wọ́n jọ parí rẹ̀. Èyí tó bá so ilé-iṣẹ́ mọ́lẹ̀ fún ọdún púpọ̀ nìkan ló yẹ kó dé iwájú ìgbìmọ̀ àyẹ̀wò, ìyẹn àwọn tó ń jókòó yẹ ìpinnu ńlá wò: sọ́fítíwíà ńlá tí gbogbo ẹ̀ka yóò jọ máa lò, ibi tí àkọsílẹ̀ oníbàárà tó jẹ́ ojúlówó yóò máa gbé, ilé-iṣẹ́ cloud, ìyẹn èyí tó ń yá ni ní kọ̀ǹpútà rẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí a fẹ́ fi gbogbo dátà wa sọ́dọ̀ rẹ̀.

Ibi tí ẹ máa fa ààlà sí kì í rí bákan náà níbi gbogbo. Ní 2006, Jeanne Ross, Peter Weill àti David Robertson, tí wọ́n jọ kọ ìwé Enterprise Architecture as Strategy, fi ìbéèrè méjì ṣàlàyé rẹ̀ lọ́nà tó ṣì wúlò fún mi títí dòní. Ẹ̀ka yín mélòó ló gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́ lọ́nà kan náà? Báwo sì ni dátà wọn ṣe gbọ́dọ̀ wọnú ara wọn tó? Ilé-iṣẹ́ tó ní ẹ̀ka mẹ́rin tí oníbàárà wọn kò jọra, tí ọjà wọn kò jọra, lè dáhùn pé díẹ̀ ni méjèèjì. Ẹgbẹ́ EA tiwọn kò gbọ́dọ̀ ju kékeré lọ: ààbò, nẹ́tíwọ́ọ̀kì, àti ríra ohun tí gbogbo wọn ń lò ní owó kan. Ilé-iṣẹ́ tí ẹ̀ka rẹ̀ ń ta oríṣiríṣi nǹkan fún oníbàárà kan náà nílò dátà oníbàárà kan ṣoṣo, bí ọ̀nà ìṣiṣẹ́ ẹ̀ka wọn bá tilẹ̀ yàtọ̀. Èyí tó ní ọgọ́rùn-ún ilé ìtura tí gbogbo wọn ń ṣe nǹkan kan náà lè má nílò kí dátà wọn wọnú ara wọn, ṣùgbọ́n ó nílò ọ̀nà ìṣiṣẹ́ kan tí a kọ sílẹ̀. Ẹni tó sì fẹ́ kí méjèèjì jẹ́ ọ̀kan yóò nílò ẹgbẹ́ EA tó lágbára láàárín gbùngbùn. Àwọn ọ̀gá àgbà ló yẹ kó dáhùn ìbéèrè méjèèjì yìí, kì í ṣe architect. Bí wọn kò bá tíì dáhùn, iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ EA ní nìyẹn: kí wọ́n mú wọn jókòó títí wọn yóò fi dáhùn.

Ọ̀rọ̀ kàn ibi tí àwọn architect yóò jókòó sí. Bí ẹ bá kó gbogbo wọn sí ọ́fíìsì kan, wọ́n á ríran jìnnà, ṣùgbọ́n ìgbà tí iṣẹ́ bá ti bàjẹ́ ni wọ́n á tó gbọ́. Bí ẹ bá pín wọn ká àwọn ẹ̀ka, wọ́n á gbọ́ tètè, ṣùgbọ́n láìpẹ́ wọ́n á di agbẹnusọ fún ẹ̀ka wọn. Melvin Conway, onímọ̀ kọ̀ǹpútà, ti kọ ọ́ láti 1968 pé ilé-iṣẹ́ tó bá ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà yóò ṣe èyí tó rí bí àwọn ènìyàn inú rẹ̀ ṣe ń bára wọn sọ̀rọ̀. Mo gbà á gbọ́ gan-an. Bí ẹ̀ka méjì kì í bá bára wọn sọ̀rọ̀, sọ́fítíwíà wọn náà kò ní bára wọn sọ̀rọ̀, àwòrán yòówù kí architect yà. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ràn àdàlù: díẹ̀ láàárín, tó ń wo odidi, àwọn yòókù nínú ẹ̀ka, tí wọ́n ń bá àwọn tó ń ṣiṣẹ́ jókòó lójoojúmọ́, tí gbogbo wọn sì ń pàdé lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ kíyè sí nǹkan kan tí àwọn ènìyàn kì í kà sí: ẹni tó ń kọ àbájáde iṣẹ́ architect lópin ọdún ló ni ín. Bó bá jẹ́ mánéjà ẹ̀ka nìkan ló ń kọ ọ́, kò ní lè sọ fún mánéjà yẹn pé rárá. Ẹ jẹ́ kí olórí EA àti mánéjà jọ kọ ọ́.

Ìgbìmọ̀ àyẹ̀wò ni ibi tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ EA ti ń sọ orúkọ rere nù. Wọ́n á pàdé lẹ́ẹ̀kan lóṣù, iṣẹ́ á tò lọ rẹrẹẹrẹ, ẹgbẹ́ tó ti fi oṣù mẹ́ta ṣiṣẹ́ á wá gbọ́ lọ́jọ́ náà pé kí wọ́n tún un bẹ̀rẹ̀. Nínú ìwádìí tí Nicole Forsgren, Jez Humble àti Gene Kim kó jọ ní 2018, wọ́n rí i pé níbi tí àyípadà sọ́fítíwíà ti gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ tàbí ọ̀gá tí kò sí nínú ẹgbẹ́, iṣẹ́ ń falẹ̀, àyípadà tó ń bàjẹ́ kò sì dín kù. Àṣẹ gbígbé sọ́fítíwíà jáde ni wọ́n ń wò, kì í ṣe EA gan-an, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ibẹ̀ bá wa mu: àyẹ̀wò tó dé lẹ́yìn iṣẹ́ kì í tún nǹkan ṣe. Kí architect ti wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣì ń jiyàn lórí ọ̀nà tí wọn yóò gbà, kí ìgbìmọ̀ máa pàdé lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ fún wákàtí kan péré, kí ẹ sì ṣèlérí èsì: ọjọ́ méjì fún ìbéèrè kékeré, ọjọ́ mẹ́wàá fún ńlá. Bí ọjọ́ bá pé tí èsì kò dé, ẹgbẹ́ lè máa bá tiwọn lọ. Òfin kékeré yẹn ń mú kí ìgbìmọ̀ jí.

Gbogbo ìpinnu tó bá ti kọjá ẹgbẹ́ kan gbọ́dọ̀ wà ní kíkọ, kó má ju ojú ìwé kan lọ, kó sì wà níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè kà á. Michael Nygard, onímọ̀ sọ́fítíwíà, ló jẹ́ kí àṣà yìí tàn kálẹ̀ láti 2011. Ẹ wo bó ṣe lè rí. Àkọlé: oníbàárà yóò máa fi àkáǹtì kan ṣoṣo wọlé sí gbogbo iṣẹ́ wa. Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí: ojú ìwọlé mẹ́ta la ní, oníbàárà ń gbàgbé ọ̀rọ̀ aṣínà, àwọn tó ń dá wọn lóhùn kò sì lè mọ̀ pé ẹnì kan náà ni. Ohun tí a gbé yẹ̀ wò: kí a so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, kí a ra tuntun, kí a mú ọ̀kan tí a ti ní kó di ti gbogbo wa. Ohun tí a yàn: ìkẹta, torí pé ẹgbẹ́ tó mọ̀ ọ́n dáadáa ti wà nílé. Ohun tí yóò ná wa: ẹgbẹ́ áàpù fóònù yóò tún apá ìwọlé wọn kọ, bí ojú ìwọlé yìí bá dákú, gbogbo iṣẹ́ ló dákú, nítorí náà a gbọ́dọ̀ ní èkejì tó ń dúró dè é. Orúkọ ẹni tó ni ìpinnu náà, àti ọjọ́. Apá "ohun tí yóò ná wa" ni mo máa ń kọ́kọ́ kà. Bí ó bá ṣófo, ìpinnu náà kò tíì jinná.

Lórí owó, ọ̀rọ̀ mi kò pọ̀. Ẹ jẹ́ kí owó ẹgbẹ́ EA ti inú ìsúná gbogbogbòò wá. Bí ẹ bá ń gba owó wákàtí lọ́wọ́ iṣẹ́ tó bá pè wọ́n, kò sẹ́ni tó máa pè wọ́n títí nǹkan yóò fi dàrú.

Ìlànà á máa ní àyàfi. Ẹ̀ka kan á ní ìdí gidi láti ra ohun tó yàtọ̀. Ẹ gbà fún wọn, ṣùgbọ́n ẹ kọ orúkọ ẹni tó ni ín, ohun tó ń náni lóṣooṣù, àti ọjọ́ tí yóò parí. Lọ́jọ́ yẹn, ẹni tó ni ín ló máa wá ṣàlàyé, kì í ṣe architect. Mo ti rí àyàfi onígbà díẹ̀ tí wọn kò fi ọjọ́ sí, tó wá di ohun tí gbogbo iléeṣẹ́ gbára lé, tí ẹni tó mọ̀ ọ́n sì ti lọ.

Ẹ má ka iye àwòrán tí ẹgbẹ́ yà. Ẹ ka ọjọ́ tí ìpinnu fi ń dúró, àyàfi tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá, àti sọ́fítíwíà tí ẹ ti pa tì pátápátá. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ẹ tún gbé àkójọ ìpinnu àkọ́kọ́ yẹn jáde, kí ẹ sì wo èyí tó yẹ kó kúrò lọ́wọ́ ìgbìmọ̀. Bí irú ìbéèrè kan bá ti wá síwájú yín lẹ́ẹ̀mẹ́ta, tí èsì rẹ̀ kò yí padà, ẹ kọ èsì náà sílẹ̀ bí ìlànà, kí ẹ sì dá ìpinnu náà padà fún àwọn ẹgbẹ́.