Ìmọ̀ tí àwọn agbanisíṣẹ́ ń wá lára ẹnjiníà dátà ńlá

Ẹnjiníà dátà ni ẹni tó ń la ọ̀nà tí dátà máa gbà láti ibi tó ti ń jáde dé ibi tí wọ́n ti fẹ́ lò ó. Kì í ṣe òun ló máa sọ ohun tí dátà náà túmọ̀ sí, iṣẹ́ àwọn atúpalẹ̀ nìyẹn, tiẹ̀ ni kí dátà pé, kó mọ́, kó sì dé lásìkò. Ìgbà tí dátà bá pọ̀ ju ohun tí kọ̀ǹpútà kan lè gbé, tàbí tó ń ya wọlé láìdúró, tàbí tí ìrísí ẹ̀ ò bára mu, ni wọ́n ń pè é ní dátà ńlá. Doug Laney, onímọ̀ nípa dátà, ló to nǹkan mẹ́ta yìí pọ̀ ní 2001.

SQL, èdè tí wọ́n fi ń bèèrè nǹkan lọ́wọ́ dátà tó wà nínú tábìlì, ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ bèèrè. Èdè yẹn ti dàgbà o, ní IBM ni Donald Chamberlin àti Raymond Boyce ti gbé e jáde ní 1974, lórí èrò tí Edgar Codd kọ sílẹ̀ ní 1970. Nígbà tí Hadoop dé, ìyẹn sọ́fíwíà tó ń pín iṣẹ́ dátà sórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà, àwọn kan rò pé ó ti parí fún SQL, àfi bí Facebook ṣe ṣe Hive káwọn èèyàn wọn lè máa kọ nǹkan tó jọ SQL lórí Hadoop, Spark, sọ́fíwíà míì tó ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn, náà sì ní Spark SQL tiẹ̀. Nínú íńtáfíù, wọ́n lè gbé tábìlì méjì síwájú èèyàn, ọ̀kan fún oníbàárà, ìkejì fún ọjà tí wọ́n rà, kí wọ́n ní kó so méjèèjì pọ̀, kó ro iye owó tó wọlé. Ohun tí wọ́n ń wò gan-an ni bóyá ó máa kíyè sí i pé oníbàárà kan wà nínú tábìlì àkọ́kọ́ lẹ́ẹ̀mejì, torí tí kò bá rí i, gbogbo ọjà ẹni yẹn máa di ìlọ́po méjì, owó á lé, kọ̀ǹpútà ò sì ní pariwo pé àṣìṣe kankan wà.

Lẹ́yìn SQL, Python, èdè tí wọ́n fi ń kọ kóòdù, ló kàn. Èdè Scala àti Java ṣì wà níbẹ̀, Scala ni wọ́n fi kọ ọ̀pọ̀ Spark fúnra ẹ̀, àmọ́ PySpark, tó jẹ́ kí wọ́n lè fi Python lo Spark, ti jẹ́ kí ọ̀pọ̀ èèyàn lè ṣe é láìgbọ́ Scala rárá. Git náà wà níbẹ̀, ìyẹn irinṣẹ́ tó ń tọ́jú gbogbo àyípadà tí wọ́n bá ṣe sí kóòdù.

Ibi tó le ni bí iṣẹ́ ṣe ń pín sórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà. Google gbé ìwé jáde lórí bí wọ́n ṣe ń tọ́jú fáìlì wọn ní 2003, òmíràn lórí MapReduce, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà pín iṣẹ́ sórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà, tẹ̀ lé e ní 2004, látara ìwọ̀nyí ni Doug Cutting àti Mike Cafarella ti ṣe Hadoop, tó jáde ní 2006 (erin ìṣeré ọmọ Cutting ló fi sọ ọ́ lórúkọ). Spark bẹ̀rẹ̀ ní yunifásítì Berkeley ní 2009, ó sì yára ju MapReduce Hadoop lọ torí ó lè fi dátà sínú mẹ́mórì dípò kó máa kọ ọ́ sórí dísìkì lẹ́yìn gbogbo ìgbésẹ̀. Tí Spark bá fẹ́ so tábìlì ńlá méjì, 200 ló kọ́kọ́ máa ń pín iṣẹ́ náà sí téèyàn ò bá yí i padà. Ká ní 199 parí láàárín ìṣẹ́jú kan, tí ẹyọ kan tó kù wá ń wọ́ bí ìgbín fún odidi wákàtí kan. Ẹni tí ò mọ̀ máa ní kí wọ́n fi kọ̀ǹpútà kún kọ̀ǹpútà, kò sì ní yí nǹkan kan padà, orí ẹyọ kan náà ni gbogbo ẹrù ṣì wà. Ó lè jẹ́ pé 0 ni wọ́n fi sí ibi nọ́ńbà ìdánimọ̀ gbogbo ẹni tí ò ní nọ́ńbà, gbogbo 0 yẹn wá kóra jọ sójú kan. Ẹni tó bá lè sọ èyí láìjẹ́ pé wọ́n tọ́ka ẹ̀ sí i ti ṣe dáadáa ju ẹni tó ka orúkọ irinṣẹ́ ogún sínú CV.

Kafka, tó wá láti LinkedIn ní 2011, ni wọ́n ń bèèrè fún dátà tó ń ṣàn wọlé tààrà, Airflow, tó bẹ̀rẹ̀ ní Airbnb ní 2014, ló sì ń to iṣẹ́ tẹ̀ léra wọn. Ìbéèrè tó máa ń bá wọn rìn ni pé tí iṣẹ́ òru bá já láàárín tí wọ́n tún un ṣe ńkọ́? Ẹni tó kàn ń fi dátà kún dátà máa ní ti àná lẹ́ẹ̀mejì, ẹni tó mọṣẹ́ á kọ ọ́ kó jẹ́ pé odidi ọjọ́ yẹn ló máa rọ́pò, tó bá ṣe é nígbà mẹ́wàá, bákan náà ló máa já sí.

Klaọdù ńkọ́, ìyẹn kọ̀ǹpútà téèyàn ń yá lò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì? AWS ti Amazon, Azure ti Microsoft àti Google Cloud ni wọ́n sábà ń dárúkọ, èèyàn tó bá mọ ọ̀kan dáadáa ò ní pẹ́ mọ ìyókù, àmọ́ wọ́n fẹ́ ẹni tó ń ronú nípa owó. Lórí BigQuery, ohun èlò Google tí wọ́n fi ń tọ́jú dátà ńlá tí wọ́n sì fi ń wá nǹkan nínú ẹ̀, ọ̀nà ìsanwó kan wà tó jẹ́ pé bí dátà téèyàn kà ṣe pọ̀ tó lowó ẹ̀ ṣe máa pọ̀ tó, nítorí náà ẹni tó ń pe gbogbo kọ́lọ́ọ̀mù nígbà tó jẹ́ méjì ló fẹ́ ń fowó ṣòfò.

Òfin náà ti wọ ọ̀rọ̀ yìí. Láti May 2018 tí GDPR, òfin tó ń dáàbò bo dátà àwọn èèyàn, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Yúróòpù, èèyàn lè ní kí wọ́n pa dátà òun rẹ́. Ó dùn ún sọ lẹ́nu, ṣùgbọ́n tí orúkọ ẹni náà bá wà káàkiri inú ẹgbẹẹgbẹ̀rún fáìlì Parquet, irú fáìlì tí wọ́n ń tọ́jú dátà ńlá sí, tí kò ṣeé wọnú ẹ̀ lọ yọ ìlà kan ṣoṣo, àfi kí wọ́n tún odidi fáìlì kọ, ẹnjiníà tó ti ronú sí i látìbẹ̀rẹ̀ nìkan ni kò ní sunkún.

Wọ́n tún ń wá ẹni tó lè bèèrè ọ̀rọ̀ dáadáa. Tí ọ̀gá bá ní òun fẹ́ mọ iye oníbàárà tó ṣì ń lo ápù, ṣé ẹni tó kàn ṣí i ni àbí ẹni tó ra nǹkan, ní ọjọ́ méje àbí ọgbọ̀n ọjọ́, aago ìlú wo ni wọ́n sì fi ń ka ọjọ́ kan? Kó tó kọ kóòdù kankan ló yẹ kó ti bèèrè gbogbo ìyẹn.