Kíkó oúnjẹ tútù àti oúnjẹ dídì gba orí òkun

Kíkó oúnjẹ tútù àti oúnjẹ dídì gba orí òkun ni ètò tí wọ́n fi ń gbé ẹran, ẹja, èso, ewébẹ̀ àti wàrà nínú ọkọ̀ òkun láti orílẹ̀-èdè kan dé òmíràn láìjẹ́ kí wọ́n bàjẹ́ lọ́nà. Oúnjẹ dídì ni èyí tó ti le gbagidi, tí wọ́n sábà máa ń gbé ní -18 °C tàbí kí ó tutù jù bẹ́ẹ̀ lọ. Oúnjẹ tútù kì í dì ní tirẹ̀. Àwọn bí ápù, ọsàn, àjàrà àti ẹran tí wọ́n kàn mú tutù ló wà ní ìsọ̀rí yìí. Kọ̀ntéínà tó ní ẹ̀rọ atẹ́gùn tútù tirẹ̀ ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú ẹrù náà lóde òní, ṣùgbọ́n ọkọ̀ òkun tí gbogbo ikùn rẹ̀ jẹ́ ilé yìnyín ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, pàápàá fún ẹja àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́.

Ìtàn

Ẹnjiníà ará Faransé kan, Charles Tellier, fi ọkọ̀ Frigorifique gbé ẹran láti Rouen lọ sí Buenos Aires ní ọdún 1876. Ìwọ̀n bí 0 °C ló pa ẹran náà mọ́ sí, kò mú un dì. Ní 1878, ọkọ̀ Paraguay gbé ẹran àgùntàn dídì láti Argẹntínà wá sí Le Havre ní Faransé, nígbà tó sì di oṣù kejì 1880, Strathleven gúnlẹ̀ sí Lọ́ńdọ̀nù pẹ̀lú ẹran màlúù àti àgùntàn láti Ọsirélíà.

Ìrìn-àjò tí wọ́n ń mẹ́nu bà jù ni ti Dunedin. Ọkọ̀ onígbòkun ni. Thomas Brydone àti William Soltau Davidson, tí wọ́n ń bójú tó iṣẹ́ New Zealand and Australian Land Company, ló ṣètò bí wọ́n ṣe gbé ẹ̀rọ Bell-Coleman sínú rẹ̀, ẹ̀rọ tó ń jó èédú, tó ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ kí ó tó tú u sílẹ̀ láti mú un tutù. Ó kúrò ní Port Chalmers ní New Zealand ní ọjọ́ 15 oṣù kejì 1882, ó sì dé Lọ́ńdọ̀nù lẹ́yìn ọjọ́ 98, tòun ti òkú àgùntàn 4,331, ọ̀dọ́ àgùntàn 598 àti ẹlẹ́dẹ̀ 22. Ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n kọ̀ sílẹ̀ pé kò dára.

Nígbà tí ọkọ̀ náà wọ ilẹ̀ ooru, ọ̀gákọ̀ Whitson ṣàkíyèsí pé òtútù kò kárí ikùn ọkọ̀. Ó rá wọ inú ọ̀nà tí atẹ́gùn ń gbà kọjá, ó sì fi ayùn gé ihò kún ihò. Òtútù mú un débi pé ara rẹ̀ kú tipiri. Igbákejì rẹ̀ ló rá tẹ̀ lé e, tó so okùn mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, tí wọ́n fi fà á jáde. Nínú gbogbo ìtàn òwò yìí, kò jọ pé ohun kankan tún ṣàlàyé iṣẹ́ náà tó èyí: kì í ṣe agbára ẹ̀rọ nìkan ló ń gba ẹrù là, ibi tí atẹ́gùn ń gbà ni. Dunedin fúnra rẹ̀ sọnù sójú òkun ní 1890, ẹnikẹ́ni kò sì gbúròó rẹ̀ mọ́.

Ní 1901, Alfred Jones, olórí Elder Dempster tí ọkọ̀ wọn ń ná Èkó déédéé nígbà náà, bẹ̀rẹ̀ sí kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ láti Jàmáíkà wá sí ẹ̀gbẹ́ Bristol. Kọ̀ntéínà dé sí iṣẹ́ yìí ní òpin àwọn ọdún 1960. Àwọn ti àkọ́kọ́ kò ní ẹ̀rọ. Ihò méjì ló wà lára wọn tí ọkọ̀ ń gbà fẹ́ atẹ́gùn tútù sí wọn.

Bí kọ̀ntéínà ṣe ń ṣiṣẹ́

Èyí tó wọ́pọ̀ jù gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 40, ó sì ga ju kọ̀ntéínà lásán lọ. Fóòmù wà láàárín ògiri rẹ̀, ẹ̀rọ wà ní iwájú, ilẹ̀kùn wà lẹ́yìn. Iná mànàmáná onílà mẹ́ta, láti 380 dé 460 fólútì, ló ń lò, yálà láti ara ọkọ̀ tàbí ní èbúté. Bí ó bá wà lórí tírélà, jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n ń so mọ́ ọn.

Ilẹ̀ inú rẹ̀ kò tẹ́jú. Irin alumíníọ̀mù tó rí bí lẹ́tà T ni wọ́n tò ní ìlà-ìlà láti iwájú dé ẹ̀yìn, abẹ́ rẹ̀ sì ni fáànù ń fẹ́ atẹ́gùn tútù gbà. Atẹ́gùn yìí á gòkè láàárín ẹrù, á gba abẹ́ òrùlé padà sínú ẹ̀rọ. Ìdí nìyí tí wọ́n fi fa ìlà pupa sára ògiri lókè: bí páálí bá ga kọjá rẹ̀, ọ̀nà àbọ̀ ti dí. Bí wọ́n bá sì fi apá kan ilẹ̀ sílẹ̀ láìbò, ibẹ̀ ni atẹ́gùn yóò máa gbà sá lọ láìkan ẹrù.

Bí wọ́n ṣe ń to ẹrù yàtọ̀ síra. Èso ń mí, ó sì ń mú ooru jáde, nítorí náà páálí rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ihò lókè àti nísàlẹ̀ kí atẹ́gùn lè gba àárín rẹ̀ kọjá. Ẹja dídì kì í mí. Wọ́n á tò ó pọ̀ mọ́ra láìsí àlàfo, atẹ́gùn á kàn yí i ká. Ẹ̀rọ náà mọ ìyàtọ̀ yìí. Fún ẹrù dídì, ìwọ̀n atẹ́gùn tó ń padà bọ̀ ló ń tẹ̀ lé. Fún ẹrù tútù, ti èyí tó ń jáde lọ bá ẹrù ni, kí èso tó sún mọ́ ẹnu ẹ̀rọ má baà dì.

Ọ̀pọ̀ oníṣòwò rò pé kọ̀ntéínà ló ń mú ẹrù tutù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òtútù tí ẹrù bá gbé wọlé ni kọ̀ntéínà wà fún láti pa mọ́. Bí wọ́n bá ká máńgòrò lábẹ́ oòrùn tí wọ́n sì kó o wọlé lójú ẹsẹ̀, ó lè gba ọ̀pọ̀ ọjọ́ kí àárín páálí tó tutù, yóò sì ti máa pọ́n lọ ní gbogbo àkókò náà.

Ìwọ̀n tó bá ẹrù mu

Òtútù tó pọ̀ jù náà ń ba nǹkan jẹ́. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ ń rin ìrìn-àjò ní nǹkan bí 13 sí 14 °C. Bí ó bá lọ sílẹ̀ jù bẹ́ẹ̀, èèpo rẹ̀ á ṣú, kò sì ní pọ́n dáadáa mọ́. Iṣu kò fẹ́ kí ó lọ sílẹ̀ kọjá nǹkan bí 12 °C. Ní ìkangun kejì, ẹja tuna tí àwọn ará Jàpáánù ń jẹ láìsè máa ń wà ní -60 °C nínú kọ̀ntéínà àkànṣe. Wọ́n tún ń dín ọ́ksíjìn inú kọ̀ntéínà kù fún àwọn èso kan kí wọ́n má baà tètè pọ́n. Ní 2023, àwọn ilé-iṣẹ́ kan kó ara wọn jọ láti béèrè pé kí -15 °C rọ́pò -18 °C, kí epo tí wọ́n ń jó lè dín kù.

Gáàsì

Gáàsì tó ń yípo nínú ẹ̀rọ ló ń gbé ooru kúrò nínú kọ̀ntéínà. R-134a ló wọ́pọ̀ jù nínú àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn mìíràn tí kì í mú ayé gbóná tó o ti ń wọlé. Ní 2011, àwọn kan fi gáàsì mìíràn, methyl chloride, lú R-134a. Gáàsì yìí ń bá alumíníọ̀mù inú kọ̀mpírẹ́sọ̀, ìyẹn apá ẹ̀rọ tó ń fún gáàsì pọ̀, jà, ohun tó sì ń tìdí rẹ̀ yọ máa ń gbiná bí afẹ́fẹ́ bá ti kàn án. Òṣìṣẹ́ mẹ́ta kú ní Vietnam àti Brazil.

Ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà

Ẹja ni olórí ẹrù dídì tó ń wọ Nàìjíríà. Titus, kóòtè àti ṣáwá ń wá láti Yúróòpù àti àwọn ibòmíràn nínú páálí oní-20 kílò, apá kan nínú kọ̀ntéínà, apá kan nínú ọkọ̀ ilé yìnyín, kí wọ́n tó dé àwọn ilé yìnyín Ìjọra l'Ékòó, níbi tí àwọn alájàpá ti ń rà á. Òfin kò gbà kí wọ́n kó adìyẹ dídì wọ orílẹ̀-èdè náà, ṣùgbọ́n èyí tó gúnlẹ̀ sí Cotonou ń gba ẹnubodè wọlé lábẹ́lẹ̀.

Ẹrù tútù tó ń jáde lọ kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kẹfà 2017, ìjọba àpapọ̀ fi ayẹyẹ bẹ̀rẹ̀ sí kó iṣu tọ́ọ̀nù 72 láti Àpápá lọ sókè òkun. Kò pẹ́ tí ìwé ìròyìn fi gbé e pé apá kan rẹ̀ ti jẹrà nígbà tó dé Amẹ́ríkà, Audu Ogbeh tó jẹ́ mínísítà ètò ọ̀gbìn nígbà náà sì ní àwọn yóò wádìí rẹ̀.