Bí àdúrà ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú ìtàn àròsọ ìgbàgbọ́

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ìwàásù ni ìwé ìtàn àròsọ tó bá dá lórí ìgbàgbọ́ àti ẹbí, pé òǹkọ̀wé kàn fún ìwàásù náà ní orúkọ, ó sì kọ́lé fún un. Lójú wọn, iṣẹ́ náà kò ju kí ìṣòro kan dé, kí ẹni tí ìtàn dá lé lórí gbàdúrà sí i, kí Ọlọ́run dáhùn ní orí tó kẹ́yìn, kí gbogbo ilé bú sórin ọpẹ́. Èrò yìí ti ba ìwé púpọ̀ jẹ́, pàápàá lọ́wọ́ àwọn tó ń kọ ìwé wọn àkọ́kọ́. Wọ́n á kọ igba ojú ewé, òǹkàwé á sì ti mọ ibi tó máa parí sí kó tó ṣí ojú ewé kẹwàá.

Ògbómọ̀ṣọ́ dára láti fi wo ìdí tí ọ̀rọ̀ kò fi rí bẹ́ẹ̀. Ọdún 1855 ni Thomas Jefferson Bowen, míṣọ́nárì Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà, dé ìlú náà. Ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn pásítọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1898, iṣẹ́ ìwòsàn àwọn Onítẹ̀bọmi sì bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní 1907. Àwọn ìdílé wà ní ìlú náà tó jẹ́ pé ìran kan kọ́ ni wọ́n ti ń gbọ́ ìwàásù. Mùsùlùmí náà pọ̀ níbẹ̀, nínú agbo ilé kan náà lọ́pọ̀ ìgbà. Òǹkàwé tó tinú irú ìlú bẹ́ẹ̀ jáde ti gbọ́ ìwàásù kó tó mọ̀wé kà. Bí ìwé ìtàn bá bẹ̀rẹ̀ ẹsẹ Bíbélì kan, á bá a parí rẹ̀. Ohun tí kì í sábà rí kà ni bí ilé ṣe ń rí láti òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé títí di alẹ́ Sátidé: ẹni tó sanwó ilé ìwé ọmọ ẹ̀gbọ́n tí kò gbọ́ ẹ ṣeun, ìyàwó tí kò kúnlẹ̀ dáadáa láàárọ̀ tí ọ̀rọ̀ náà sì di ìpàdé ẹbí, ilẹ̀ baba tí ẹnì kan ti tà kí àwọn yòókù tó gbọ́. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ òǹkọ̀wé wà.

Ìlù dùndún ló ṣàlàyé ìbáṣepọ̀ ìgbàgbọ́ àti ẹbí nínú irú ìtàn yìí fún mi jù lọ. Dùndún ní ojú méjì, awọ ló bo méjèèjì, ọ̀sán, ìyẹn àwọn okùn awọ, ló sì so wọ́n pọ̀ yí igi rẹ̀ ká. Ojú kan ṣoṣo ni onílù ń fi kọ̀ǹgọ́ lù. Kì í kan èkejì rárá. Síbẹ̀, bí ojú kejì yẹn bá ya, ìlù ti parí nìyẹn, nítorí òun ló di ọ̀sán mú tí ọ̀sán fi lè fa awọ tí wọ́n ń lù. Ẹbí ni ojú tí òǹkọ̀wé ń lù. Ìgbàgbọ́ ni ojú kejì. Àwọn ọ̀sán náà ni gbèsè, ìlérí, àbúkù àti oore tó so ará ilé mọ́ra wọn. Bí òǹkọ̀wé bá fún wọn, ohùn ìtàn á ròkè. Bó bá dẹ̀ wọ́n, á wálẹ̀. Ẹni tó ń kọ ìwé àkọ́kọ́ sábà máa ń fẹ́ lu ojú méjèèjì, kí òǹkàwé má bàa rò pé ìgbàgbọ́ kò sí nínú ìwé náà. Ohun tó sì tún máa ń ṣe ni pé á fún ọ̀sán mọ́ra pin-pin láti orí kìíní dé òpin: ikú lónìí, ìkọ̀sílẹ̀ lọ́la, àìsàn lọ́tùn-únla. Ohùn òkè nìkan kò lè sọ̀rọ̀. Ohùn òkè, ti àárín àti ti ìsàlẹ̀ la fi ń gbọ́ ohun tí onílù ń wí, ìdí nìyẹn tí ìtàn fi nílò ojú ewé tí wọ́n ti kàn ń ṣa ẹ̀fọ́, tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ nípa iná tí kò sí, tí ẹnikẹ́ni kò sì sunkún.

Ẹni tó bá fẹ́ rí bí wọ́n ṣe ń ṣe é kó lọ ka ìtàn Hanna nínú Bíbélì, kó kà á bí oníṣẹ́ ọwọ́ ṣe ń wo iṣẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ mìíràn. Kì í ṣe àdúrà ló bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà. Ọkùnrin kan tó ní ìyàwó méjì ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, àti ẹran tí wọ́n ń pín: Peninna gba tirẹ̀ àti ti àwọn ọmọ rẹ̀, Hanna gba tirẹ̀ nìkan. Ẹni tó bá ti dàgbà nílé olórogún mọ gbogbo ohun tó wà nínú ẹran pípín yẹn láìjẹ́ pé wọ́n là á fún un. Ọkọ wá ń bi ìyàwó rẹ̀ pé ṣé òun kò sàn fún un ju ọmọ mẹ́wàá lọ, ìbéèrè ẹni tó nífẹ̀ẹ́ ṣùgbọ́n tí ọ̀rọ̀ kò yé. Ẹsẹ ìkẹwàá ni Hanna tó gbàdúrà. Bó sì ṣe ń gbà á lọ́wọ́, Eli àlùfáà, ẹni tó yẹ kó mọ̀, wò ó, ó ní ó ti mutí yó. Ìyẹn ni apá tí mo fẹ́ràn jù. Ìránṣẹ́ Ọlọ́run kọ́kọ́ ṣì í wò, kó tó wá súre fún un. Pásítọ̀ inú ọ̀pọ̀ ìwé wa kì í ṣi ohunkóhun wò. Á rí ìran ní orí kejì, ìtàn á sì dákú síbẹ̀, nítorí bí ẹnì kan bá ti mọ ohun gbogbo, kò sí ohun tí àwọn yòókù máa fi ìgbàgbọ́ ṣe mọ́.

Ìdúró, ìyẹn àkókò tí wọ́n fi ń retí ìdáhùn, ni ẹ̀rọ ìtàn náà. Ìdáhùn kàn ń pa á ni. Bí wọ́n ṣe ń jẹ́ kí òǹkàwé gbé inú ìdúró náà, láìkọ “lẹ́yìn ọdún méje”, ni iṣẹ́ tó le jù, agbo ilé Yorùbá sì ti fún òǹkọ̀wé ní gbogbo irinṣẹ́ tó nílò. Obìnrin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wọlé, “Ìyàwó” ni gbogbo ilé ń pè é. Òun náà kò gbọdọ̀ pe ọmọ tó bá nílé ní orúkọ, bó ti wù kó kéré tó. Á sọ ọ̀kan ní Akọ̀wé, á sọ òmíràn ní Adúmáradán. Ìyàwó mìíràn á wọlé lẹ́yìn rẹ̀, kò sì ní pẹ́ tí ìyẹn á fi di Ìyá Bùnmi. Máńgòrò á so, á rọ̀, á tán, á tún so. Akọ̀wé tí òun máa ń pọ̀n sẹ́yìn ní orí kìíní á ti máa múra ìdánwò WAEC. Bí àlejò bá wá wọlé tó kígbe pé “Ìyàwó, ẹ kú ilé o”, tí òun sì dáhùn, òǹkàwé á gbọ́ iye ọdún tó ti kọjá nínú ìkíni yẹn, á sì dùn ún.

Àdúrà fúnra rẹ̀ kò gbọdọ̀ pọ̀ nínú abala yìí. Èyí àkọ́kọ́ lè gùn, kí a gbọ́ gbogbo rẹ̀. Èkejì yẹ kó kúrú. Tó bá di ẹ̀kẹta, ó lè má ju pé obìnrin náà dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ó gbọ́ orin, ó sì padà sílé lọ bá wọn fọ abọ́ níbi ìkómọ Ìyá Bùnmi. Abọ́ tó fọ̀ yẹn sọ nípa ìgbàgbọ́ rẹ̀ ju ẹsẹ mẹ́wàá lọ.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀nà tí ìdáhùn máa gbà dé. Nínú ìtàn tó dúró dáadáa, ìdáhùn kì í já bọ́ láti òkè. Ọwọ́ ará ilé kan ló ń gbà kọjá, ó sì sábà máa ń jẹ́ ẹni tí wọn kò fẹ́ kó jẹ́. Ìtàn Jósẹ́fù ni àpẹẹrẹ tó pé jù. Ọmọ ọdún 17 ni nígbà tí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tà á, ó sì di ẹni 30 ọdún kó tó dúró níwájú Fáráò. Àwọn ẹ̀gbọ́n kan náà ni ìyàn lé wá síwájú rẹ̀. Àwọn Mùsùlùmí náà mọ ìtàn yìí bí ẹní mowó: Súrà kejìlá nínú Kùránì, tí orúkọ Yusuf wà lórí rẹ̀, ní 111 ẹsẹ, ó sì sọ ọ́ níbì kan ṣoṣo láti àlá títí dé ìgbà tí àlá náà ṣẹ. Ohun tó mú kó múná ni pé a ti rí àwọn ẹ̀gbọ́n yẹn tẹ́lẹ̀. Ẹni tí ìdáhùn máa gba ọwọ́ rẹ̀ wá gbọ́dọ̀ ti wà nínú ìtàn láti ìbẹ̀rẹ̀, kó máa ṣe nǹkan kékeré tí kò jọ ohun tó ṣe pàtàkì.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ìwé wa ti ṣìnà rèé: ìyá ọkọ ni àjẹ́, ó jẹ́wọ́, ó kú, ọmọ sì dé. Mo mọ̀ pé òǹkàwé fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ àjẹ́ ló fa gbogbo rẹ̀, ọkọ tó dákẹ́ nígbà tí wọ́n ń bú ìyàwó rẹ̀ kò jẹ̀bi, ẹ̀gbọ́n tó ní kó tètè fẹ́ ẹlòmíràn kò jẹ̀bi, kò sì sí ẹni tó máa tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Wọ́n ti yọ ẹbí kúrò nínú ìtàn ẹbí. Ìyá ọkọ tí wọ́n ń fura sí, tó jẹ́ pé òun náà fi ọ̀pọ̀ ọdún wá ọmọ tí kò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí, ní iṣẹ́ púpọ̀ láti ṣe nínú ìwé ju àjẹ́ lọ.

Ìpinnu kan tún wà tí òǹkọ̀wé láti irú ìlú yìí kò lè yẹ̀ sílẹ̀. Nínú agbo ilé náà, àbúrò ọkọ lè jẹ́ ààfáà. Ẹran Iléyá rẹ̀ dé yàrá gbogbo ènìyàn, ìrẹsì Kérésìmesì náà dé ọ̀dọ̀ tirẹ̀. Ó máa gbàdúrà fún ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni pásítọ̀ náà máa gbàdúrà. Nígbà tí ọmọ bá dé, àdúrà ta ni? Àwọn kan máa ń yọ ààfáà náà kúrò kí ìbéèrè yìí má bàa wáyé, ilé tí wọ́n kọ á sì di ilé tí ẹnikẹ́ni kò gbé rí. Ní tèmi, kí òǹkọ̀wé jẹ́ kí ará ilé jiyàn lé e lórí níbi ìkómọ, kí ìyá arúgbó gbà pé tòun ni, kí ẹni tó ń sọ ìtàn má sì dájọ́. Ìgbàgbọ́ òǹkọ̀wé kò dín kù nínú èyí. Ó kàn jẹ́ kí àwọn ènìyàn inú ìwé ní tiwọn.

Kì í sì í ṣe ìkómọ ló yẹ kó parí ìwé náà. Hanna bí Samuẹli, ó gbà á lẹ́nu ọmú, ó mú un lọ fún Olúwa bó ṣe jẹ́jẹ̀ẹ́, ọdọọdún ló sì ń rán ẹ̀wù kékeré, tó ń mú un lọ fún un. Ìdáhùn náà gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Òǹkọ̀wé tó bá dá ìtàn dúró níbi ìjó kò jẹ́ kí a mọ ohun tí ọmọ náà yí padà láàárín àwọn tó ti sọ ọ̀rọ̀ burúkú síra wọn.

Ìyókù rọrùn. Wọ́n á gba ISBN, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá ìwé mọ̀, lọ́dọ̀ National Library of Nigeria, èyí tó máa ń bẹ̀rẹ̀ ní 978-978, wọ́n á gbé iṣẹ́ lọ fún àwọn atẹ̀wé. Bébà ńlá tí wọ́n máa ń ká di ojú ewé 16 ni wọ́n sábà ń lò, nítorí náà ojú ewé díẹ̀ tó bá lé lè di owó odindi bébà, wọ́n á sì ní kí òǹkọ̀wé gé nǹkan kúrò. Abala ìdúró ni ọwọ́ máa ń kọ́kọ́ lọ, nítorí ó jọ pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Ìwàásù pásítọ̀ ló yẹ kó kọ́kọ́ lọ, lẹ́yìn náà àdúrà kejì àti ẹ̀kẹta tí wọ́n kọ ní kíkún. Ojú ewé 16 sábà máa ń ti jáde níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan máńgòrò àti abọ́ ìkómọ.