Wọ́n ní háákà nìkan ló lè wádìí ọ̀rọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì

Bí owó ẹnì kan bá bọ́ sọ́wọ́ gbájúẹ̀, tàbí tí fídíò adẹ́rùbani kan bá ń ti orí WhatsApp ẹnì kan bọ́ sí ti ẹlòmíràn láti Ìkẹ́rẹ́ títí dé Ọ̀tùn, ìmọ̀ràn tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu àwọn ènìyàn wa ní Èkìtì ni pé kí a wá háákà kan tí yóò bá wa tú àṣírí ọ̀rọ̀ náà. Ìgbàgbọ́ tó wà nídìí ìmọ̀ràn yìí ni pé ibi tí wọ́n tì pa ni gbogbo ohun tó wúlò fún ìwádìí wà, àti pé ẹni tí kò bá lè jí wọ inú àkáǹtì ẹlòmíràn, tí kò sì ní ojúlùmọ̀ ní báńkì tàbí lágọ̀ọ́ ọlọ́pàá, kò lè rí nǹkan kan mọ̀. Ìgbàgbọ́ òdì gbáà ni. Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí àwọn olùwádìí orí ayélujára fi ń ṣiṣẹ́ ló wà ní gbangba, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní Ọ̀yẹ́ àti ìyá tó ń ta aṣọ ní Ọjà Ọba ní Adó lè fi fóònù ọwọ́ wọn dé. Ohun tó ṣọ̀wọ́n ni sùúrù láti kó wọn jọ, láti fi ọ̀kan wé èkejì, àti láti mọ ìgbà tí ẹ̀rí kò tíì tó.

Ìgbàgbọ́ náà sì ń pa ènìyàn lára. Ẹni tí wọ́n lù ní jìbìtì, tó wá ń wá háákà tí yóò bá a gba owó rẹ̀ padà, sábà máa ń bọ́ sọ́wọ́ gbájúẹ̀ kejì, nítorí pé àwọn kan wà tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n máa ṣọ́ àwọn tó ń ké lórí Facebook pé wọ́n ti gba owó àwọn, kí wọ́n sì ṣèlérí fún wọn pé àwọn yóò wọ inú kọ̀ǹpútà báńkì lọ gbà á bọ̀, bí wọ́n bá ti lè san owó iṣẹ́ díẹ̀ sílẹ̀. Owó iṣẹ́ náà kì í tán. Yàtọ̀ sí èyí, jíjí wọ inú kọ̀ǹpútà tàbí àkáǹtì onítọ̀hún láìgbàṣẹ jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin ìwà ọ̀daràn orí ayélujára tí Nàìjíríà ṣe ní ọdún 2015, ẹni tó sì bẹ ènìyàn níṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò lè wí pé ọwọ́ òun mọ́.

Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kí gbogbo ayé mọ irú ìwádìí yìí kò já àgádágodo ẹnikẹ́ni. Eliot Higgins, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bẹ̀rẹ̀ sí í wo fídíò ogun Síríà lórí YouTube láti inú ilé rẹ̀ ní ọdún 2012, ó ń fara balẹ̀ dá irú ohun ìjà tó wà nínú wọn mọ̀, bẹ́ẹ̀ kò gbọ́ èdè Lárúbáwá. Ní oṣù Keje ọdún 2014 ló dá Bellingcat, ẹgbẹ́ àwọn olùwádìí orí ayélujára, sílẹ̀. Ní ọjọ́ 17 oṣù yẹn kan náà ni wọ́n yìnbọn já ọkọ̀ òfurufú MH17 lulẹ̀ ní Ukraine, ènìyàn 298 sì kú. Àwọn ará ìlú tó wà lágbègbè náà ti ya fọ́tò àti fídíò ọkọ̀ tó gbé ohun ìjà ńlá kan kọjá ní títì wọn, wọ́n sì ti fi í sórí ayélujára fúnra wọn. Higgins àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tò wọ́n tẹ̀ léra títí tí ó fi hàn pé láti ọ̀dọ̀ ọmọ ogun Rọ́ṣíà ni ohun ìjà náà ti wá, ikọ̀ olùwádìí àjùmọ̀ṣe tí Netherlands ṣíwájú rẹ̀ sì kéde ohun kan náà ní ọdún 2018.

Èyí tó sún mọ́ wa jù ni ti Kamẹrúùnù. Ní oṣù Keje ọdún 2018, fídíò kan jáde níbi tí àwọn ọkùnrin tó wọ aṣọ ológun ti ń ti obìnrin méjì àti ọmọdé méjì lọ lójú ọ̀nà eléruku, tí wọ́n fi aṣọ bò wọ́n lójú, tí wọ́n sì yìnbọn pa wọ́n. Ìjọba Kamẹrúùnù kọ́kọ́ sọ pé irọ́ ni, pé kì í ṣe ilẹ̀ àwọn ló ti ṣẹlẹ̀. Àwọn akọ̀ròyìn BBC Africa Eye wo ìlà tí orí àwọn òkè fà sí ojú ọ̀run lẹ́yìn àwọn ènìyàn inú fídíò náà, wọ́n sì ń wá irú ìlà bẹ́ẹ̀ lórí Google Earth, àwòrán ayé tí ẹnikẹ́ni lè wò lórí ayélujára, títí tí wọ́n fi rí i nítòsí ìlú kan tó ń jẹ́ Zelevet ní àríwá Kamẹrúùnù, tí kò jìnnà sí ẹnubodè Nàìjíríà. Wọ́n fi àwọn ilé, igi àti ọ̀nà ẹsẹ̀ tó wà nínú fídíò wé àwòrán sátẹ́láìtì ti oríṣiríṣi ìgbà, kí wọ́n lè mọ ìgbà tí ilé kan ti wà níbẹ̀ àti ìgbà tí kò sí níbẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi òjìji àwọn sójà náà ṣírò bí oòrùn ṣe ga tó, wọ́n sì lè sọ pé láàárín ọjọ́ 20 oṣù Kẹta sí ọjọ́ 5 oṣù Kẹrin ọdún 2015 ni ìpànìyàn náà wáyé. Ní ọdún 2020, ilé ẹjọ́ ológun ní Kamẹrúùnù kan náà rán mẹ́rin nínú àwọn sójà náà lọ sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá.

Bí a bá ní ká sọ òtítọ́, ilẹ̀ Èkìtì dára fún irú iṣẹ́ yìí ju ọ̀pọ̀ ilẹ̀ pẹrẹsẹ lọ. Ẹni tó bá sọ pé Ìkẹ́rẹ́ ni òun ti ya fídíò kan gbọ́dọ̀ lè fi ibi tí Ọlọ́ṣùnta wà hàn wá, nítorí pé àpáta gàgàrà bẹ́ẹ̀ kò ṣeé fi pamọ́, bí ìrísí rẹ̀ sì ṣe rí láti ìhà kan yàtọ̀ sí bó ṣe rí láti ìhà kejì. Ẹ̀fọ̀n Aláayè pẹ̀lú àwọn òkè tó yí i ká kò jọ ibòmíràn. Google Earth lè gbé ènìyàn dúró sí ojú títì kan kí ó sì fi ìrísí òkè tó wà níwájú rẹ̀ hàn án, tí a óò wá fi wé fídíò tó wà lọ́wọ́ wa.

Òjìji pàápàá ní ohun tó ń sọ, àwọn ará ilé wa kì í sì í fiyè sí i. Nítorí ibi tí Adó wà lórí àwòrán ayé, láti nǹkan bí ọjọ́ kẹwàá oṣù Kẹrin títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án, ìhà àríwá wa ni oòrùn ń gbà kọjá lọ́sàn-án gangan, òjìji sì ń ṣubú sí gúúsù. Ní ìyókù ọdún, ìhà gúúsù ló ń gbà, òjìji sì ń ṣubú sí àríwá. Oòrùn kì í sì í ga jù ní aago méjìlá ní ọ̀dọ̀ wa, bí kò ṣe ní nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú lẹ́yìn rẹ̀, nítorí pé ibi kan tó jìnnà sí ìlà-oòrùn wa ni a fi ṣe òṣùwọ̀n aago Nàìjíríà. Nítorí náà, bí wọ́n bá gbé fídíò kan wá pé ọ̀sán oṣù Kejìlá tó kọjá ni wọ́n yà á ní Adó, tí àwòrán sátẹ́láìtì sì jẹ́ kí a mọ ìhà tí títì inú rẹ̀ kọjú sí, tí òjìji ọ̀sán sì ṣubú sí gúúsù, irọ́ wà nínú ọjọ́ tàbí nínú ibi tí wọ́n dárúkọ. A kò wọ inú fóònù ẹnikẹ́ni ká tó mọ̀.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti nílò ìwádìí jù, pàápàá àwọn ọmọ Èkìtì tó wà lẹ́yìn odi tí wọ́n ń fi owó ránṣẹ́ sílé. Ká ní ojú ìwé kan lórí Facebook ń polówó pílọ́ọ̀tì ní ọ̀nà pápákọ̀ òfurufú Adó, pẹ̀lú àwòrán géètì ńlá, títì ọlọ́dà àti àwọn ilé tuntun. Facebook fúnra rẹ̀ ti ṣe ibì kan sórí ojú ìwé bẹ́ẹ̀ tí ẹnikẹ́ni lè tẹ̀ láti rí ọjọ́ tí wọ́n ṣí i, àwọn orúkọ tó ti jẹ́ tẹ́lẹ̀, àti nígbà mìíràn, orílẹ̀-èdè tí àwọn tó ń darí rẹ̀ wà. Ojú ìwé tó ń ta ilẹ̀ lónìí lè jẹ́ èyí tó ń ta oògùn lọ́dún tó kọjá, lábẹ́ orúkọ mìíràn. Ẹni tó bá rí èyí ti ní ìbéèrè tó gbọ́dọ̀ bi wọ́n. Bí a bá gbé àwòrán géètì náà sínú Google Lens tàbí TinEye, tí wọ́n ń wá ibòmíràn tí àwòrán kan ti jáde lórí ayélujára, ó lè fi hàn pé ìlú mìíràn ni géètì náà wà, tàbí pé ó ti wà lórí ayélujára kí iléeṣẹ́ náà tó bẹ̀rẹ̀. Àwòrán sátẹ́láìtì àtijọ́ tó wà nínú Google Earth orí kọ̀ǹpútà yóò sọ bóyá igbó ni ibi tí wọ́n ní àwọn ti kọ́ ilé sí.

Lẹ́yìn náà ni ti CAC, àjọ tó ń forúkọ iléeṣẹ́ sílẹ̀. Ènìyàn lè wá orúkọ iléeṣẹ́ lórí ìkànnì wọn lọ́fẹ̀ẹ́, kí ó sì rí nọ́ńbà rẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, àdírẹ́sì rẹ̀, àti bóyá ó ṣì ń ṣe ojúṣe rẹ̀ lábẹ́ òfin. Láti ọdún 2023, ìwé àkọsílẹ̀ àwọn tó ní agbára gidi lórí iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan náà ti wà ní gbangba. Bí iléeṣẹ́ tó ní òun ti ń ta ilẹ̀ fún ogún ọdún bá jẹ́ èyí tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ọ̀rọ̀ wà ńlẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe rò pé ìforúkọsílẹ̀ jẹ́ ìwé ẹ̀rí ìwà rere; gbájúẹ̀ pẹ̀lú lè forúkọ iléeṣẹ́ sílẹ̀. Ẹni tó ni ilẹ̀ gan-an, ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ní Adó àti ẹbí onílẹ̀ ni yóò sọ ọ́, kò sí lórí Google.

Àwọn kan tún gbà pé fọ́tò kan ṣoṣo lè jẹ́wọ́ gbogbo ohun tó mọ̀. Lóòótọ́ ni kámẹ́rà fóònù ń kọ ọjọ́, àkókò àti nígbà mìíràn ibi tí a ti ya àwòrán sí inú rẹ̀, ṣùgbọ́n WhatsApp àti Facebook máa ń yọ wọ́n kúrò nígbà tí a bá fi àwòrán ránṣẹ́ bí àwòrán lásán. Ẹni tó bá ń gba owó pé òun yóò fi fọ́tò orí WhatsApp mọ ilé tí ajínigbé wà, ó ń tan ni ni.

Ibi tí iṣẹ́ yìí ti le wá ni ìdájọ́. Lẹ́yìn tí bọ́ǹbù bú ní Boston, ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 2013, àwọn ènìyàn lórí Reddit, ìkànnì tí àwọn èrò ti ń jọ sọ̀rọ̀, kó fọ́tò jọ, wọ́n wo ojú àwọn tó wà nínú èrò, wọ́n sì dárúkọ akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ti sọnù ṣáájú ìgbà náà pé òun ló ju bọ́ǹbù náà. Ọmọ náà kò mọwọ́ mọsẹ̀. Ó ti kú, àwọn ẹbí rẹ̀ tó ń wá a sì ni wọ́n ń bú. Gbogbo ohun tí àwọn ènìyàn wọ̀nyí lò ló wà ní gbangba, síbẹ̀ wọ́n ṣìnà, nítorí pé wọ́n mú ìjọra ní ìdánimọ̀. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó fi àwòrán kan ṣoṣo dá ènìyàn lẹ́bi. Olùwádìí tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ máa ń wá ẹ̀rí méjì mẹ́ta tí kò ti orísun kan náà wá, ó ń tọ́jú ojú ìwé tó rí sínú Wayback Machine, ìkànnì tó ń pa ẹ̀dà ojú ìwé ayélujára mọ́, kí wọ́n tó pa á rẹ́, ó sì ń kọ bó ṣe dé ibi tó dé sílẹ̀ kí ẹlòmíràn lè tọ ipa náà. Wíwà tí ohun kan wà ní gbangba kò sì fún ni láṣẹ láti kó àdírẹ́sì àti nọ́ńbà ẹni kiri. Òfin ààbò ìwífún ara ẹni tí Nàìjíríà ṣe ní ọdún 2023 wà fún irú èyí.

Ọ̀rọ̀ ìjọba ni ohun tí àwọn ènìyàn gbà pé ó fara pamọ́ jù. Ní ìdìbò gómìnà Èkìtì ti ọjọ́ 18 oṣù Kẹfà ọdún 2022, INEC gbé àwòrán ìwé èsì láti àwọn ibùdó ìdìbò sórí ìkànnì IReV. Ibùdó 2,445 ló wà ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́rìndínlógún wa, ẹni tó bá sì fẹ́ lè ṣí ti àdúgbò rẹ̀, kí ó wo nọ́ńbà tí wọ́n fi ọwọ́ kọ sínú rẹ̀, kí ó fi wé ohun tí wọ́n kà sí i létí níbẹ̀. Mo ti gbọ́ lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ń jiyàn lórí ìdìbò náà pé àwọn kò ṣí i wò rí.

Èyí tí kò bá sí lórí ayélujára, bí àdéhùn kọngílá tó ń ṣe títì abúlé tàbí iye tí wọ́n san fún un, kò béèrè háákà bákan náà. Òfin òmìnira ìròyìn ti ọdún 2011 fún ọ́fíìsì ìjọba ní ọjọ́ méje láti dá ẹni tó béèrè lóhùn, Èkìtì sì wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tó kọ́kọ́ sọ irú òfin bẹ́ẹ̀ di tiwọn, ní ọdún yẹn kan náà. Òfin ìjọba àpapọ̀ náà kò béèrè pé kí ènìyàn sọ ìdí tó fi fẹ́ mọ̀. Ẹni tí kò mọ̀wé kọ sì lè fi ẹnu béèrè, òṣìṣẹ́ tó bá gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ ni òfin ní kó kọ ọ́ sílẹ̀ fún un.